Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ Lọ́jà Òkelúsè

Ìwọ tí ò ń bá mi kọ ọ́ yìí, o ní lórí kọ̀ǹpútà, èèyàn lè wé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìpele-ìpele, kó gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta kọjá, kí ẹnikẹ́ni má mọ ibi tó ti wá. Ẹsẹ̀ làwa fi ṣe tiwa.

Ìgbà ìjọba ṣọ́jà ni. Bàbá rẹ, ọmọ mi, kọ ohun tó bí wọn nínú sínú ìwé ìròyìn, ló bá sá pamọ́. Tí ìyá rẹ bá kọ lẹ́tà sí i, á ki í sínú àpò ìwé mẹ́ta, ọ̀kan nínú ọ̀kan. Èmi á gbé e láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Òkelúsè. Ẹni tó bá gbà á níbẹ̀ á ya tòde dànù, á rí orúkọ ẹni tó kàn. Mi ò mọ̀wé, ìyẹn ni àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ṣe yàn mí: kò sí ohun tí ṣọ́jà lè fi ìyà gbà lẹ́nu mi.

Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé, “Má kí ẹni tó máa gbà á bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.”

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ní obìnrin tó bá fi igbá bo iṣu ni kí n fún. Mo débẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni! Kí n tó ronú, orúnkún mi ti kanlẹ̀.

“Ọkọ mi, ẹ kú ọjà o.”

Ọkùnrin kan tó wọ awò ojú dúdú, irú àwọn tí ìjọba fi ń ṣọ́ èèyàn, yíjú sí wa. “Màmá, ṣé ẹbí yín nìyí?”

Lẹ́tà náà wà nínú ìgbànú mi. Ó ń jó mi bí iná. Bí ó bá gbà á, á ya á dé orúkọ tó gbẹ̀yìn, á sì bá ọmọ mi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kígbe mọ́ mi: “Ọkọ ta ni? Torí kí n lè fi iṣu jàrá fún ọ lo ṣe ń fẹ́ mi? Dìde jàre, mo ti níyàwó nílé!”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ, àmọ́ ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò gba lẹ́tà náà. Ó ń to iṣu, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: “Má wá mọ́. Èmi náà ò ní ṣe é mọ́.”

Mo gbé e padà wálé. Ìyá rẹ rí i lọ́wọ́ mi, ó gbà á, ó jù ú sínú iná ìdáná.

Oṣù méje ni a ò gbúròó bàbá rẹ. Tí ọkọ̀ bá ti dúró níwájú ilé, ìyá rẹ á gbé ọ gba ẹ̀yìnkùlé jáde, èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn ṣọ́jà lè kọ́kọ́ bá mi.