Péjò Alhaji Ṣéhù

Ọmọṣẹ́ ni Jùbrílù títí irùngbọ̀n fi kún un lágbọ̀n. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ Ọ̀gá Sàlàhúdíìnì, nítòsí Ṣàpọ́n, ti gba fírídọ̀mù, wọ́n ti gbéyàwó, wọ́n ti ń pàṣẹ fún ọmọṣẹ́ tiwọn. Bí òun bá bèèrè ìgbà tí wọn yóò dá òun sílẹ̀, ọ̀gá á ní, "Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Oyin ọ̀hún, ọ̀gá ló ń dá a lá. Ojú bàbá náà ti di bàìbàì, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Nítorí Jùbrílù ni àwọn awakọ̀ sìmẹ́ǹtì ṣe ń ti Ewékorò wá, ọ̀gá ni wọ́n sì ń kí kú iṣẹ́.

Àsíátù, ọmọbìnrin kan tó ń rẹ aṣọ láró ní Ìtòkú, ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di kàn-ń-pá. Jùbrílù fẹ́ ẹ, òun náà fẹ́ Jùbrílù. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Alhaji Ṣéhù tó ń ṣòwò aṣọ, ti là á mọ́lẹ̀.

"N ò ní fi ọmọ mi fún ọmọṣẹ́. Kó gba fírídọ̀mù kí Ààwẹ̀ tó dé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìjẹ̀bú tó ti ń bèèrè rẹ̀."

Sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba padà ni, wọ́n ti bodè pa, páàdì bíréèkì tuntun sì di ohun tí à ń fi àdúrà wá. Nígbà tí Péjò Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ bíréèkì, Jùbrílù wá páàdì kiri títí ó fi rí i. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kó wá ṣe é ní Ọjọ́bọ̀ lójú bàbá ìyàwó. Bó bá yege, òun yóò gbé ọwọ́ lé e lórí, òun yóò sì dá a sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, Àsíátù bá bàbá rẹ̀ wá, aró ṣì wà léèékánná rẹ̀. Jùbrílù fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó tú táyà méjèèjì. Páàdì ti jẹ tán pátápátá, irin ló ń ha irin. Àsíátù bu omi sí i lọ́wọ́, Jùbrílù fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó sì fi pẹtiróòlù nu dísìkì, irin tí páàdì ń di mú, nítorí páàdì ò fẹ́ rí òróró. Bí díẹ̀ bá kàn án, ọkọ̀ ò ní dúró. Ó ki tuntun bọ̀ ọ́, ó wọ inú ọkọ̀, ó tẹ bíréèkì títí ó fi le lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ku kó de táyà nígbà tí wọ́n pe ìrun Àlàásárì. Gbogbo wọn lọ kírun. Ọ̀gá nìkan ló dúró; ó ní orúnkún ń dun òun, pé orí ìjókòó lòun yóò ti kí tòun.

Ìgbà tí wọn yóò fi dé, táyà ti wà nípò wọn, ọ̀gá ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Mo ti bá ọ de é, kílẹ̀ má bàa ṣú. Mo wo iṣẹ́ rẹ, ó dáa."

Jùbrílù dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Látọjọ́ tó ti ń sìn ín, ọ̀gá ò bá a de nọ́ọ̀tì kan rí.

Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣe bíréèkì ni yóò wa ọkọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí onímọ́tò jókòó tì í, kó sì dúró kó tó dé gọ́tà. Alhaji wọ ọkọ̀, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Wọ́n gbéra. Jùbrílù tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ ṣe bíi kó dúró, ó tún ń yọ̀ lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátá, ó fa bíréèkì ọwọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n fo gọ́tà, wọ́n lọ forí sọ ògiri. Eyín Alhaji kan kán, ẹ̀jẹ̀ bo agbádá rẹ̀.

"O fẹ́ pa mí ni?"

Jùbrílù bọ́ sílẹ̀. Ó tú táyà níbẹ̀. Gírísì ló rí, wọ́n fi ìka tẹ́ ẹ sójú páàdì bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì. Ó gbójú sókè wo ọ̀gá. Ìkà àgbà náà ò tilẹ̀ gbójú kúrò.

"Kí lo rí níbẹ̀, Jùbrílù? Sọ ọ́ fún wọn."

Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ọmọṣẹ́ tó bá tú àṣírí ọ̀gá, tí ọ̀gá ò gbé ọwọ́ lé lórí, ta ni yóò gbé ọkọ̀ fún un ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá? Gbogbo ọdún tó ti fi sìn á di òfo.

"Èmi ni, ọ̀gá," ó wí. "Gírísì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò fọ̀ ọ́."

"Ó fọ̀ ọ́!" Àsíátù kígbe. "Bàbá, èmi ni mo bu omi sí i. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Jùbrílù, sọ fún wọn!"

Gbogbo ojú yí padà sí Jùbrílù. Ó wo ilẹ̀.

"Irọ́ ló ń pa," ó ní. "Ó fẹ́ gbè mí lẹ́yìn ni."

 Àsíátù wò ó bí ẹni tí kò rí i rí, ó sì lọ dúró sẹ́yìn bàbá rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ lẹ́nu ara rẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Ó ṣì ku ọdún mẹ́ta."

Jùbrílù dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ gọ́tà, ó dúpẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ bí wọ́n bá bá ọmọṣẹ́ wí. Lẹ́yìn náà ọ̀gá ní kó tún bíréèkì náà ṣe. Ó nu gírísì kúrò, ó fi iyanrìn ha ojú páàdì, ó tún un ṣe dáadáa. Alhaji dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá.

Kí Ààwẹ̀ tó dé, Péjò yẹn ló gbé Àsíátù lọ sílé ọkọ ní Ìjẹ̀bú. Bíréèkì rẹ̀ ò ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.