Ẹni Tó Kúnlẹ̀ Lẹ́nu Géètì Bàbá Makrán

Bàbá Makrán ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n lẹ́yìn. Dókítà Oyèbọ̀dé lorúkọ wọn gan-an, olùkọ́ èdè Gíríìkì fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ pásítọ̀ ní yunifásítì ìjọ wa, àwa tí Sátidé jẹ́ Sábáàtì wa. Èmi Kíkẹ́, ayálégbé ni mo jẹ́ nílé wọn ní Ìkẹ́nnẹ́, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìsarà. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, sí wọn àti sí ara mi, n ò sì ní díbọ́n pé kò bí mi.

Ìyàwó wọn ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Modúpẹ́olúwa, fẹ́ Hàrúnà, ọmọ oníṣòwò obì ní Ṣàgámù, ó sì gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó wá sọ fún wọn, wọ́n ní, "Jáde. N kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ mọ́ láyé mi." Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ṣàgámù, takisí kì í lò tó ìdajì wákàtí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wọ takisí nínú àwọn méjèèjì. Ọmọ tí ẹkùn bí, ẹkùn ní í jọ.

Ìwé ìdánwò ló pa èmi àti bàbá pọ̀. Wọ́n ní ìkọ̀wé àwọn ọmọ ìsinsìnyí wẹ́wẹ́ jù, pé kí n máa bá àwọn kà á sókè, kí n sì máa kọ máàkì tí àwọn bá pè. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ìbéèrè kan wà tí kì í kúrò níbẹ̀ lọ́dọọdún: kí ni ìtumọ̀ makrán, báwo ni àwọn tó kọ Májẹ̀mú Tuntun sì ṣe lò ó? Gbogbo wọn a kọ "jíjìnnà." Bàbá a pòṣé.

"Fún un ní méjì nínú mẹ́rin."

"Dókítà, ṣebí ó gbà á?"

"Ó gba ìdajì. Ìgbà mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi Pétérù kò jìnnà sílẹ̀, nǹkan bí igba ìgbọ̀nwọ́ péré. Makrán ni wọ́n lò. Wọ́n rán Pọ́ọ̀lù lọ sáàrin àwọn orílẹ̀-èdè, òkun títí dé òkè òkun. Makrán náà ni. Akọ̀wé òfin tó dáhùn dáadáa, Jésù ní kò jìnnà sí ìjọba Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ìyẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í sọ iye máìlì fún ọ. O ní láti béèrè ta ló dúró níbo, tó ń wo kí ni."

"Ti ọmọ onínàákúnàá ńkọ́?"

Ohùn wọn a rọ̀. "Ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ọmọ ṣì wà ní makrán tí baba fi rí i. Ta ní í rí èèyàn lókèèrè bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ẹni tó ti ń wo ọ̀nà lójoojúmọ́?"

"Bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń jókòó kọjú sí géètì ní gbogbo ọ̀sán Sábáàtì."

Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni àwọn ń gbà níbẹ̀, kí n ka ìwé tó kàn.

Ní Sábáàtì kan nínú oṣù kẹta ọdún yìí, mo dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná mi. Bàbá wà níwájú ilé, rédíò ń kọ orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, géètì sì ṣí sílẹ̀. Obìnrin kan tó wọ hìjáábù, tó pọn ọmọ, wọlé díẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Mo dá ojú rẹ̀ mọ̀ nínú fọ́tò tó wà ní pálọ̀. Modúpẹ́olúwa ni. Kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì pa àṣẹ baba rẹ̀ mọ́; orúnkún ló fi ń bẹ̀bẹ̀.

Bàbá gbójú sókè, wọ́n kọjú sí i gan-an. Lẹ́yìn náà wọ́n yí rédíò sókè díẹ̀, wọ́n sì fẹ̀yìn tì. Orin mẹ́ta ló parí kí ọmọ náà tó dìde, tó gbọn eruku lórúnkún, tó lọ.

Mo rí gbogbo rẹ̀, n ò yọjú. Mo ní ọ̀rọ̀ baba àtọmọ ni, kí ló kàn mí? Ìtìjú rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi.

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ wọlé fún wọn, n kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Dókítà, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ àwọn pásítọ̀ nípa ìfẹ́ baba! Ọmọ yín kúnlẹ̀ síwájú yín tòun ti ọmọ lẹ́yìn, ẹ wò ó lójú, ẹ wá ń yí rédíò sókè!"

"Ọmọ wo?"

Wọ́n nawọ́ sí àwo tí mo gbé síwájú wọn, ọwọ́ náà sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀. Wọ́n jẹ́wọ́ fún mi pé ó ti tó ọdún méjì tí àrùn ti ń jẹ ojú àwọn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi mọ ilé, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, kí yunifásítì má baà gba kíláàsì lọ́wọ́ wọn.

"Mo rí nǹkan kúkúrú kan lẹ́nu géètì," wọ́n ní. "Mo ṣe bí ewúrẹ́ aládùúgbò ni."

Wọ́n bú sẹ́kún. N kò rí àgbà ọkùnrin kankan kó sunkún báyẹn rí.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo mú wọn lọ sí Ṣàgámù. Alhaja Sàrátù, ìyá Hàrúnà, ló pàdé wa láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ obì.

"Wọ́n ti lọ," Alhaja ní. "Ìdájí òní ni ọkọ̀ wọn gbéra sí Kánò, ibẹ̀ ni wọn óò máa gbé báyìí. Modúpẹ́ ní kóun gba àdúrà bàbá òun kóun tó lọ. Nígbà tó ti ọ̀dọ̀ yín dé lánàá, omi lásán gan-an kò mu."

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ojú bàbá fún wọn. Alhaja káwọ́ lérí, wọ́n pe ìyàwó ọmọ wọn lórí fóònù, wọ́n ro gbogbo rẹ̀ fún un, wọ́n sì ṣí ohùn fóònù náà sílẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Dádì, ẹ kú ojú o," Modúpẹ́olúwa ní. Ariwo ọkọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Àwọn Alhaja ti sọ fún mi."

"Modúpẹ́, ọmọ mi, mi ò rí ọ. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rí ọ."

"Mo gbà, sà. Dádì, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ká ní ẹ rí mi ńkọ́? Ṣé ẹ̀ bá dìde?"

Bàbá la ẹnu, wọ́n pa á dé. Mo fẹ́ kí wọ́n parọ́, Ọlọ́run á dárí jì mí. Mo tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Alhaja pàápàá ń mi orí sí wọn pé kí wọ́n dáhùn, ìyá náà gbàgbé pé ojú bàbá kò ríran. Ọmọ náà dúró, ó dúró títí.

"Ó dáa, Dádì," ó ní, ó sì gé fóònù.

Ní gáréèjì, bí mo ṣe ń wá takisí tí yóò gbé wa padà, bàbá di apá mi mú.

"Kíkẹ́, n kì bá dìde."

Mo ṣílẹ̀kùn takisí kan, mo sì fọwọ́ tẹ orí wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè wọlé.