Ẹja ló gbé ọ̀pá wa lọ

Ẹja gbé ọ̀pá ìpẹja wa lọ lónìí, nítorí pé mo kí àna mi.

Ó ti rẹ̀ mí láti máa tún un sọ, ẹ̀yin ọmọ kílọ́ọ̀bù rélùwéè. Ìdí nìyí tí mo fi lẹ ìwé yìí mọ́ ògiri.

Èmi, Súlè àti Jóẹ́lì la jọ ni ọ̀pá náà. Ọ̀gá wa òyìnbó ló fi sílẹ̀ fún wa nígbà tó ń lọ sílùú wọn. Kì í ṣe ekòló là ń fi sẹ́nu ìwọ̀ rẹ̀, ìyẹ́ adìẹ tí a so bí eṣinṣin ni. Látìgbà tí òjò ti lọ la ti ń kọ́ bí a ṣe ń jù ú ní odò Chanchaga. Fìlà ara wa nìkan ni ìwọ̀ ń gbé.

Àfi lónìí. Ẹja gbé e! Ọ̀pá tẹ̀ dórí omi lọ́wọ́ mi.

"Kai! Má jọ̀ọ́ o!" Súlè ń pariwo.

Ni mo bá gbọ́ lẹ́yìn mi: "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Bàbá ìyàwó mi ni, lórí kẹ̀kẹ́ wọn.

Kí n tó ronú, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀, ọwọ́ méjèèjì nílẹ̀. Nígbà tí mo máa gbórí sókè, ọ̀pá ti dé àárín odò, ó ń lọ.

Bàbá wo odò, wọ́n wò mí. "Ta ló ní kóo kí mi?"

Títí a fi dé Tunga, ohun tí Súlè àti Jóẹ́lì ń sọ ni pé ǹ bá kí bàbá lórí ìdúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àna, ẹ kọ tiyín sábẹ́ ìwé yìí: ṣé ẹ̀yin á dúró?

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì gbéyàwó, ẹ má dá sí i.