Idì Tí Màmá Jùwáíríyà Pè Ní Ẹtù

Ọjọ́ tí Gánà àti Nàìjíríà gbá ọ̀mì, tí Gánà sì fi bẹ́ẹ̀ gba ọ̀nà Ife Àgbáyé lọ, Sabonjida, àdúgbò wa ní Tamale, ò lè gbàgbé ẹ̀ láé. Bí fèrè ìparí ṣe dún ni àdúgbò hó yèè. Ariwo ayọ̀ ni o, àmọ́ lójú Màmá Jùwáíríyà, wọ́n ti ń bọ̀ wá lé wa nìyẹn. Ó fa báàgì ọjà rẹ̀ yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sáré di títì. Àárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó gan-an ló já sí.

Báàgì yẹn ni wàhálà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe iṣẹ́ òwú sí i. Èédú ló kọ́kọ́ fi ya àwòrán sórí aṣọ, kí abẹ́rẹ́ tó tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Ojú kan jẹ́ ìràwọ̀ dúdú ti Gánà. Ojú kejì jẹ́ idì aláwọ̀ ewé, ẹyẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, nítorí bí Nàìjíríà bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ìrẹsì Màmá máa ń jóná ni. Tó bá ń lọ ọjà, ìràwọ̀ á kọjú síta, idì á fara pamọ́ sí ìbàdí rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ìpayà ò jẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Idì ló wà níta.

Ashraf, mẹkáníìkì tó ń fọn fèrè níwájú, dá a dúró, ó fi Hausa bi í pé, "Màmá, ẹyẹ wo nìyí?"

Màmá dáhùn kíá. "Ẹtù ni!"

"Ẹtù?"

"Ẹtù tí ẹ ń yan lójú títì! Ṣé ẹ ò mọ ẹtù mọ́ ni?"

Ashraf wo ẹnu ẹyẹ náà tó tẹ̀ bí ìkọ́, ó wo èékánná rẹ̀ gígùn. "Màmá, inú ń bí ẹtù yìí o." Ló bá ń fọn fèrè rẹ̀ lọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Màmá ti ra òwú funfun. Ó tò tóótòòtó sí idì náà lára láti orí dé ìrù.

Ẹ máà tíì rẹ́rìn-ín tán. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí ìjọba pàṣẹ lọ́dún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé jáde ní Gánà. Ìyá rẹ̀ fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, wọ́n wọ lọ́rì lọ sí Ìlọrin. Ilé ọkọ ló dá a padà sí Tamale, ẹ̀rù náà sì bá a bọ̀. Tó bá ń sọ ìtàn yẹn, ibì kan náà lohùn rẹ̀ ti máa ń já: "Mi ò mọ ẹni tó jẹ ọbẹ̀ yẹn."

Ìdí nìyẹn tí ìró kan, ọṣẹ àti gààrí fi máa ń wà nísàlẹ̀ báàgì, tí tòmátì á wà lókè. Ó ti ro gbogbo ẹ̀ pátá: "Ìràwọ̀ ni n ó fi kọjá lójú ọ̀nà, idì ni n ó fi wọ bọ́dà."

Nígbà tí Waheed, ọmọ Ìbàdàn tó ń ta ìbòrí fóònù, dé àdúgbò, ó rí báàgì náà lọ́jà, ó ké tòò: "Háà! Màmá, idì wa nìyí!"

Màmá fi ọwọ́ tó fi ń ṣa àlùbọ́sà bò ó lẹ́nu. "Pa ẹnu ẹ dé! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé wa ni?"

Omi ń dà lójú Waheed. "Ta ló fẹ́ lé wa, Màmá?"

"Ohun tí ìyá mi náà ń bi àwọn èèyàn nìyẹn."

Sàlmà, Dagomba, ọmọ onílẹ̀ Tamale, tó ń gbé lódìkejì ògiri, ló wá dá kún un. "Màmá, ẹ bá mi ṣe ẹtù yín yẹn sí báàgì tèmi náà." Màmá ò fẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ̀ fún aládùúgbò? Ó ṣe é tẹnu-tèékánná, ó to tóótòòtó sí i. Àwọn obìnrin yòókù rí i, wọ́n ní àwọn náà fẹ́. Bí idì Nàìjíríà ṣe ń ra ẹja ní ọjà Tamale nìyẹn, tí Màmá sì ń wò wọ́n bíi pé ọlọ́pàá ń bọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò tó kọjá, ó gbé ọbẹ̀ kaná, ó jókòó ti abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò dìde mọ́. A sin ín lọ́jọ́ náà, sí Tamale níbí. Ẹnikẹ́ni ò lé e.

Nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé, Bàlkísù ọmọ rẹ̀ gbé báàgì náà wá bá Sàlmà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá ò sọ òótọ́ fún yín. Ẹyẹ yìí kì í ṣe ẹtù."

Sàlmà ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ẹtù wo ló ní irú ẹnu yìí? Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i ni mo ti mọ̀ pé idì ni. Gbogbo wa la mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?"

"Ẹ̀rù ń bà á. Ká wá sọ fún un pé a ti mọ̀? A kàn ní kó ṣe é fún wa náà, kó má baà jẹ́ òun nìkan ni wọ́n máa rí."

Bàlkísù bú sẹ́kún. Èmi náà ò lè mú un mọ́ra.

Ọbẹ̀ tó wà lórí iná láàárọ̀ yẹn ńkọ́? Sàlmà ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó jóná. Òun ló bù ú fún wa nírọ̀lẹ́: ará Ìlọrin, Dagomba, Waheed, Ashraf àti fèrè rẹ̀ tí kò fọn lọ́jọ́ náà. Màmá, ọbẹ̀ tiyín yìí, a mọ ẹni tó jẹ ẹ́.