Ọjọ́ Mọ́kàndínláàádọ́ta ti Bàbá Látìgbà-Wo

Àárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá Látìgbà-Wo pe gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, ọṣẹ ṣì wà létí aránṣọ tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

"Ta ló wọ yàrá mi láago kan òru?" Bàbá bèèrè. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun.

"Kí ni wọ́n jí, Bàbá?" Bíríkìlà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ló bi í.

"Wọn ò jí nǹkan kan! Wọ́n pa ẹ̀rọ mi, wọ́n tún un tàn. Ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta ló ti ń kà bọ̀. Mo jí lónìí, ó ní wákàtí márùn-ún péré lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀."

Bíríkìlà wo ẹ̀rọ, ó wo Bàbá. "Olè wọlé, ó fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, ó fi rédíò mẹ́rìnlá sílẹ̀, ó wá jí ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta gbé lọ? Bàbá, olè yẹn á ti darúgbó kó tó délé o."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó na ìka sí aránṣọ. "Ìwọ lo sún mọ́ mi jù."

Èmi kẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà dun aránṣọ wọ egungun. Fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko, "ẹ káàárọ̀" lásán ló ń sọ fún Bàbá, òun náà á sì dáhùn bí ẹni tó ń gba ẹ̀rí sílẹ̀.

Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni Bàbá fi jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà ní ìlú tó jìnnà. Ohun yòówù kéèyàn gbé wá bá a, ìbéèrè kan náà ló máa kọ́kọ́ bi í. "Bàbá, rédíò mi ò sọ̀rọ̀ mọ́." "Látìgbà wo?" "Bàbá, orí ń fọ́ mi." "Látìgbà wo?" Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì inú ilé wá sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ bá mi yọ̀, mo ti lóyún," Bàbá ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Látìgbà wo?" Ọkọ nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka oṣù.

Ẹ̀rọ tó fa ìjọ̀ngbọ̀n yìí, Bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ike dúdú kan tó mọ ìṣirò, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ló fi wáyà so mọ́ gíláàsì kan tó gùn tó páálí ìṣáná méjì. Gíláàsì náà a máa tàn, ọ̀rọ̀ a sì máa hàn lójú rẹ̀ ní ìlà méjì. Ìlà òkè sọ pé, "Mo ti jí fún." Ìlà ìsàlẹ̀ ń ka ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá. Bátìrì mọ́tò kan wà lábẹ́ tábìlì tó ń gbé e ró bí iná bá lọ.

"Aago mélòó ló lù, Bàbá?" aránṣọ ti bi í rí.

"Kì í ṣe aago. Bó ti pẹ́ tó látìgbà tí mo tàn án ló ń sọ."

"Kí wá làǹfààní ẹ̀?"

"Kí làǹfààní kó o mọ ọjọ́ orí ẹ?"

Aránṣọ, tó ti yọ ọdún mẹ́rin kúrò nínú tirẹ̀, padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta tún pé, Bàbá kan ilẹ̀kùn aránṣọ nírọ̀lẹ́. "Wá jókòó tì mí. Olè ni mo fẹ́ mú." Aránṣọ bá a lọ nítorí ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ìtìjú Bàbá. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ gíláàsì. Nígbà tí ó pé ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta, wákàtí mẹ́tàdínlógún, ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínláàádọ́ta, gbogbo nọ́ńbà náà di òdo. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Bàbá," aránṣọ ní, "olè náà dà?"

Bàbá yẹ abẹ́ tábìlì wò kó tó gbà. Ó wá ṣàlàyé pé ike dúdú yẹn ń ka àkókò ní wẹ́wẹ́, àyè tó ń kó o sí sì ní ìwọ̀n ohun tó lè gbà. Bó bá ti kún, á tú gbogbo ẹ̀ dànù, á bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. "Ẹ̀bi mi ni," ó ní. "Má bínú."

Lọ́jọ́ kejì ó wọ aṣọ tó dáa jù, ó ń lọ láti yàrá dé yàrá, ó ń tọrọ àforíjì. Yàrá mẹ́jọ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kó tó parí, torí gbogbo wọn ló fún un ní àga. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyẹn nínú ilé yẹn, kò sì jókòó nínú yàrá ẹnikẹ́ni rí.

Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́, Bàbá á máa kan ilẹ̀kùn. "Ẹ̀rọ mi fẹ́ yí padà o. Ẹ máa bọ̀." Wọ́n á sì wá, àní bó bá bọ́ sí ìdájí. Nọ́ọ̀sì á gbé ọmọ rẹ̀ wá, bíríkìlà á gbé àpótí ìjókòó. Wọ́n á jọ kà á sẹ́yìn títí á fi di òdo, wọ́n á kí Bàbá kú oríire, Bàbá á sì dáhùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tún gbogbo nǹkan ṣe láyé yìí," aránṣọ á ní, "ẹ ò wá rí tiyín tún ṣe?"

"Mò ń wá ojútùú ẹ̀."

Ó sì máa ń pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ogiri ò nípọn, aránṣọ ń gbọ́. "Ẹ̀rọ mi á yí padà lọ́jọ́ Ẹtì o... Hẹn-ẹn... Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀... Ó dáa, ọmọ mi." Lẹ́yìn ìyẹn, á tan rédíò kan, á pa á, á tún tan òmíràn. Aránṣọ mọ ohun tó ń ṣe é, torí àwọn ọmọ tirẹ̀ náà kì í pè.

Bàbá sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, kò jí. Ẹ̀rọ náà ò mọ̀, ó ń kà lọ. Wọ́n sin Bàbá, ọmọ rẹ̀ sì ṣí yàrá láti kó ẹrù. Aránṣọ ń bá a di rédíò sínú páálí nígbà tí ọmọ náà di wáyà ẹ̀rọ mú.

"Jọ̀ọ́, má yọ ọ́! Ó ku ọjọ́ méjì kó yí padà."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyẹn náà? Mà, nǹkan kékeré ni. Ìgbàkígbà tí Bàbá bá ti pè ni mò ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó jọ pé wọ́n ń gbàgbé."

"Bàbá ẹ? Gbàgbé?" Inú bí aránṣọ. Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ Bàbá yọ lábẹ́ àwọn irinṣẹ́, ó nà án sí i.

Ọmọ náà ṣí i, ó ń kà á sókè. Àlàyé tó ṣe lórí fóònù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló wà níbẹ̀, kò yẹ̀ rárá. Lábẹ́ rẹ̀, Bàbá kọ pé: "Mo dán an wò sára òmíràn. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Mi ò ní fi sára èyí." Lẹ́yìn náà ló to àwọn ọjọ́ tí ẹ̀rọ yí padà: ẹni márùn-ún wá, ẹni méje wá, gbogbo ilé wá. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ó kọ ọ́ pé: "Ọmọ mi ò ráyè."

Ọmọ náà pa ìwé náà dé. Ó jókòó sórí páálí.

"Mo rò pé nítorí ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe ń pè mí," ó ní.

Ọdún méjì ni aránṣọ ti ń kó ọ̀rọ̀ pa mọ́ de ọmọ yìí. Ó wo ojú rẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì sunkún Bàbá bó ti yẹ.

Nígbà tí ọjọ́ méjì náà pé, kó tó di ọ̀sán, aránṣọ ti wọṣọ, ó da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó jókòó kalẹ̀. Àárò Bàbá ń sọ ọ́, kò sì mọ ibi tó máa gbé e sí. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọmọ Bàbá ló dúró síbẹ̀.

"Ẹ̀rọ Bàbá fẹ́ yí padà o," ó ní. "Ẹ... ẹ máa bọ̀."

"Ṣó o ti kan ilẹ̀kùn yàrá yòókù?"

"Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mà."

Aránṣọ dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Tètè lọ, ọmọ mi. Kó o sọ fún bíríkìlà kó gbé ìjókòó dání, àga Bàbá ò ní tó wa."