Ohun Tó Wà Nínú Ike Ice Cream Dona Graça

Bí obìnrin Yorùbá kan ní northeast Calgary, ní Canada, bá béèrè lórí WhatsApp pé níbo ni òun ti lè rí ìpápánu Potogí gidi rà, kì í ṣe àdírẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa fún un. Wọ́n á ní, "Pe Mardiyah." Mi ò tètè gbà á gbọ́. Àwọn Potogí wà nílùú yìí, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó gbọ́ orúkọ Alberta rí. Kí ló dé tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń júwe fún èèyàn?

Ṣọ́ọ̀bù náà wà láàárín ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà àti ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ, kò jìnnà sí Pineridge. Dona Graça, ìyá Potogí ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ló ni ín. Ó kó òróró ólífì sórí pẹpẹ láti ilẹ̀ dé òkè. Sàdíìnì wà nínú agolo tí wọ́n ya àwòrán ọkọ̀ ojú omi sí lára. Ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ sí títí ó fi le bíi pákó wà lórí àtẹ, àwọn ọmọ Yorùbá tó bá sì kọ́kọ́ rí i máa ń sọ pé pánlá ni. Ice cream tí Dona Graça fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò wà nínú fìríìsà onígíláàsì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú kí èèyàn tò síta nínú snow ní àárọ̀ Saturday ni nata: ó kéré, ó rí roboto, ẹ̀yìn rẹ̀ ń rún wómúwómú lẹ́nu, inú rẹ̀ jẹ́ ẹyin àti mílíkì tó dì pọ̀, orí rẹ̀ sì jó dúdú díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin wa ò bá orúkọ Potogí wàhálà. "Egg pie" ni wọ́n ń pè é.

Mardiyah Ọlábánjọ ló ń yan án. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni, kò ga, ó máa ń de àwọ̀n irun mọ́ orí híjáàbù rẹ̀, tí àwọn méjèèjì á jọ dà bí adé kékeré kan. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ìyẹ̀fun, òróró àti ṣúgà wò kí wọ́n tó wọ inú ẹ̀rọ. Nígbà tó dé ibí pẹ̀lú Mùnírù ọkọ rẹ̀, Mùnírù rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà láàárín oṣù mẹ́ta. Mardiyah ní tirẹ̀ kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ọwọ́ fi rọ̀ ọ́. Gbogbo ibi tó kọ̀wé sí ló ń bi í pé iṣẹ́ wo ló ti ṣe ní Canada rí.

Ó ní ọjọ́ tí òun rí iṣẹ́ yìí, òun kàn yà sínú ṣọ́ọ̀bù náà nítorí òtútù ni, nígbà tí òun ń dúró de bọ́ọ̀sì. Dona Graça ń wọ́ àpò ìyẹ̀fun kan lọ sẹ́yìn. Kò sì sí bí wọ́n ṣe tọ́ Mardiyah tó fi máa dúró kí àgbàlagbà máa gbẹ́rù lójú rẹ̀. Ó gbà á, ó gbé e dé ìdí ófùn, ó tún padà wá gbé ìkejì. Dona Graça rò pé iṣẹ́ ló wá béèrè, ó fún un ní épírọ́ọ̀nù. Mo bi Dona Graça bóyá bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó ní rárá, àpò ṣúgà ni, kì í ṣe ìyẹ̀fun.

Ìyẹn di ọdún méjì báyìí.

Ní àárọ̀ Sunday, àwọn obìnrin bí ogún máa ń ṣe àsàlátù nínú basement Alhaja Látífàt ní Pineridge. Nọ́ọ̀sì ni Alhaja, òun ló dàgbà jù nínú wọn, kò sì sí ẹni tó ń wá tí kì í mú nǹkan dání. Àwọn kan á dín púfù, àwọn kan á gbé ẹ̀wà wá. Redstone ni Mardiyah ń gbé, bọ́ọ̀sì ò pọ̀ níbẹ̀, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ ní alẹ́ Saturday. Nítorí náà ó máa ń kó nata tó bá ṣẹ́kù wá. Dona Graça kì í ta èyí tó bá di ọjọ́ kejì. Oṣù méje ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ á ti dúró sídìí àtẹ̀gùn kí àdúrà tó parí.

Bí Alhaja ṣe fẹ́ ṣe wòlímà fún Dóyin, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó parí Kùránì, kò ro ẹlòmíràn. Ó ní kí Mardiyah bá òun yan igba nata, níwájú gbogbo wọn. Inú Mardiyah dùn débi pé ó pe ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan ike.

Nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, Dona Graça kì í da ike ice cream nù. Ó máa ń fọ̀ wọ́n, á sì tún fi wọ́n kó nǹkan míì. Méjì ló máa ń wà nínú fíríìjì fún ìyẹ̀fun nata: bọ́tà wà nínú ọ̀kan, ọ̀rá funfun kan wà nínú ìkejì. Wọ́n kọ "vanilla" sára méjèèjì. Mardiyah máa ń wọn ìlàjì láti inú èyí, ìlàjì láti inú tọ̀hún. Ó ti rí irú ọ̀rá funfun bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹjà, èyí tí wọ́n ń fi òróró ẹ̀pà àti òróró ọ̀pẹ ṣe, èyí náà ló sì rò pé ó jẹ́. Èmi ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀, mo bi í léèrè. Ẹni tí fìríìsà ilé rẹ̀ kún fún ike ice cream, tó sì jẹ́ pé ẹ̀gúsí ló wà nínú gbogbo wọn, kò yẹ kó gba ike gbọ́. Ẹni tó sì fi ọdún mẹ́sàn-án yẹ ohun tó wọ inú bisikíìtì wò, báwo ni kò ṣe béèrè?

Mardiyah ò bínú. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ìyẹ̀fun mọ́ ara agolo kékeré bó ṣe ń dá mi lóhùn. "Níbẹ̀, iṣẹ́ mi ni kí n béèrè. Níbí, mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé mo ti ń béèrè jù."

Kì í lọ sí ibi iṣẹ́ ní Thursday. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì ṣáájú wòlímà, snow dí ọ̀nà ní Wednesday, Dona Graça ní kó wá ní ọjọ́ kejì dípò rẹ̀. Ó wọlé, ó bá ìkòkò ńlá lórí iná. Ọ̀rá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ń yọ́ nínú rẹ̀, awọ ń dín nínú ọ̀rá náà, páálí ẹlẹ́ran sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ẹlẹ́dẹ̀ gbàǹgbà lára rẹ̀. Dona Graça sẹ́ ẹ, ó dúró kó tutù díẹ̀, ó sì dà á sínú ike vanilla.

"Kí nìyẹn?" ni Mardiyah bi í.

"Fún nata ni. Bí màmá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mardiyah ní òun ò rántí bí òun ṣe ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà tán. Ohun tó rántí ni pé òun fọ ọwọ́ títí omi gbígbóná fi tán.

Nílé, ó sọ fún Mùnírù. Mùnírù jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti ẹ̀yin."

"Ó ti parí nìyẹn. Sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀bù ò ṣe é mọ́. Èèyàn tó jẹ ohun tí kò mọ̀, kò jẹ̀bi. Wetin eye no see."

"Bàbá Adémidé, ojú tèmi ti rí i."

"Ìwọ ò mọ àwọn obìnrin yẹn ni? Bí o bá sọ ọ́, títí ayé ni wọ́n á máa fi ọwọ́ tú oúnjẹ rẹ wò kí wọ́n tó jẹ ẹ́."

Adémidé, ọmọ ọdún mẹ́jọ, yọrí láti orí àtẹ̀gùn. "Mommy, are we in trouble?"

"Lọ sùn," ni bàbá rẹ̀ sọ.

Ní Sunday, Mardiyah lọ pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ rí i pé kò sí páálí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàdúrà tán, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní níbi tó wà, ó sọ ọ́: ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú nata, òun ò mọ̀, òun ló gbé e wá fún wọn fún oṣù méje. Bùsọ́lá, tó máa ń wa ọkọ̀ láti Chestermere, tó sì máa ń jẹ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, dìde, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń fọ ẹnu rẹ̀.

Alhaja Látífàt ń fi tẹsùbáà rẹ̀ sínú àpò. "Ìyá Adémidé, ìgbà wo lo mọ̀?"

"Thursday, ma."

"Òní Sunday."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Ó dùn mí. Mo ti kọ́kọ́ fẹ́ parọ́ fún yín."

Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa lé e. Nígbà tí mo bi Alhaja fúnra rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló mú kí òun má lé e. "Èmi náà ì bá fẹ́ parọ́," ni ó sọ. "Igba ẹnu ni mo ti pè síbi wòlímà." Ó pe Alfa Akeem lórí fóònù níwájú gbogbo wọn. Alfa ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹni tí kò mọ̀, kí wọ́n tọrọ àforíjìn, kí wọ́n má sì jẹ ẹ́ mọ́. Àwọn kan mí kanlẹ̀. Bùsọ́lá ò sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé a lè yan án láìsí ọ̀rá yẹn?" ni Alhaja béèrè.

"Bóyá, ma. Mi ò tíì ṣe é rí."

"Tuesday mo wà nílé. Mo ń bọ̀ wá wò ó."

Tuesday ni ṣọ́ọ̀bù máa ń wà ní títì. Mardiyah ti ṣàlàyé fún Dona Graça, ó sì ṣílẹ̀kùn fún wọn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. Mardiyah ti ra agolo tuntun àti igi tuntun tí wọ́n fi ń tẹ́ ìyẹ̀fun. Dona Graça wò wọ́n bí ẹni pé wọ́n bú ilé bàbá rẹ̀.

"Bọ́tà nìkan? Ìyẹn kì í ṣe nata màmá mi."

Alhaja ò bọ́ kóòtù rẹ̀. "Madam, mi ò fẹ́ ti màmá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ti Mardiyah ni mo fẹ́."

Dona Graça fa àga, ó jókòó.

Àkọ́kọ́ bàjẹ́. Bọ́tà tètè yọ́, ó ṣàn sísàlẹ̀ agolo, ẹ̀yìn nata sì rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. "Ẹ̀n-ẹ́n," ni Dona Graça sọ, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Mardiyah gbé ìyẹ̀fun kejì jáde sẹ́yìn ilé, sínú òtútù, ó gbé e sórí snow nínú ike tó mọ́. Ó dúró tì í, kí ẹyẹ má bàa ṣá a jẹ. Ogún ìṣẹ́jú. Ó ká a, ó tún ká a, ó tún gbé e jáde. Nígbà tí ti ẹ̀ẹ̀kejì jáde nínú ófùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí Alhaja ṣe fi èékánná kàn án. Ó jẹ ọ̀kan, ó mú ìkejì. Dona Graça náà jẹ ọ̀kan. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́.

"Kò burú," ni ó sọ. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti màmá mi."

Wọ́n yan igba náà. Níbi wòlímà, ọgọ́jọ ó lé díẹ̀ ni wọ́n jẹ. Mardiyah mọ iye tó ṣẹ́kù, ó sì mọ ọwọ́ ẹni tí kò kàn án. Mo ní bóyá wọ́n ti yó ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má tan òun.

Báyìí, àtẹ méjì ló wà lẹ́yìn gíláàsì. Ọ̀kan jẹ́ ti ayé àtijọ́, èyí tí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Dona Graça fi páálí kékeré kan sí ìkejì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ Mardiyah sí i, ó kan gbàgbé "h" tó gbẹ̀yìn. Bí èèyàn bá béèrè nata ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, èyí tí wọ́n fi páálí sí ni kó mú bí kò bá jẹ ẹlẹ́dẹ̀.

Ọjọ́ tí mo wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, Bùsọ́lá wọlé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn wòlímà. Ó ra sàdíìnì, ó ra ice cream fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó yí ṣọ́ọ̀bù po lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó dúró níwájú gíláàsì.

"Bọ́tà nìkan ni?"

"Bọ́tà nìkan ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èwo nínú bọ́tà?"

Mardiyah ò búra. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé ike náà jáde pẹ̀lú bébà tí wọ́n fi di bọ́tà náà nígbà tó dé. Ó ti ha "vanilla" kúrò lára rẹ̀. Ó gbé e sórí káńtà, ó ṣí i. Bùsọ́lá bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ka bébà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ìka.

"Fún mi ní méjì," ni ó sọ.