Àdúrà tí Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Túmọ̀ sí Èdè Jámánì

Bí ẹ bá gbé ìwé wá fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní àdúgbò Adébáyọ̀ pé kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì, wọn á kọ́kọ́ bọ́ awò ojú wọn, wọn á ní, "Ta ló máa kà á?" Bí ẹ bá sì pẹ́ dé, ọ̀la lẹ tún máa padà wá. Ìyàwó tí wọ́n fẹ́ nígbà tí wọ́n ń gbé ní ìlú Jámánì ló bà wọ́n jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa mú àdúrà kan wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, pé kí Olúwa "obliterate", ìyẹn ni pé kí ó pa rẹ́ ráúráú, ẹni tó ń da ilé ọmọ wọn rú.

"Ta ló máa kà á?"

"Ìyàwó ọmọ mi ni. Ọmọ Jámánì ni. Ó wá kí wa, ó lóun fẹ́ bá wa gbàdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi."

"Ta ló wá ń da ilé rú?"

Ìyá wo ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mi orí. "Ó dáa. Nínú èdè Jámánì, 'vernichten' dà bí ọ̀rọ̀ ogun. 'Auslöschen' ń pa iná, ó sì ń pa orúkọ rẹ́."

"Èyí tí eérú kò ní ṣẹ́kù ni kẹ́ ẹ kọ, Bàbá. Ulé ọmọ mi ni!"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀yìn Ìyá àti ìyàwó ọmọ wọn ni mo jókòó sí. Ìyàwó ka àdúrà náà sókè, ó kígbe "Àmín" ju gbogbo ìjọ lọ, ṣùgbọ́n ojú ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń wò ní gbogbo ìgbà tó ń kà á.

Mo gbọ́ tí Ìyá rọra ń wí pé, "Olúwa, má tíì dáhùn ná."